Béjidé Afẹsẹ̀yíkòkó, Sẹ́ńtà Iléṣà

Àwọn kan wà ní Òṣogbo tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri títí di bí a ti ń wí yìí pé màgòmágó ni Béjidé Ògúnrìndé ṣe lọ́dún 1954, pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mú un lọ Èkó. Irọ́ ni. Irọ́ náà ti pẹ́ débi pé ó ti hu irùngbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Béjidé, kó jókòó, kó fi ẹ̀lẹ̀ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó má kàn gbé ìdajì tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu kiri ojúde.

Abúlé kòkó kan lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Ẹni tó bá ti gbé abúlé kòkó rí mọ bó ṣe máa ń rí. Tí wọ́n bá da kòkó sórí ẹní nínú oòrùn, wọn kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí i kí ti ìsàlẹ̀ lè wá sókè, kó má baà bu. Ẹ̀yìn ta ni yóò gbà á kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yí i. Èèyàn á bọ́ sáàárín kòkó, kò ní gbé ẹsẹ̀ sókè, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ọ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kòkó á máa pín sọ́tùn-ún sósì níwájú rẹ̀ bí omi ṣe ń pín níwájú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tó bá wúwo á fọ́ kòkó. Kòkó tó bá sì ti fọ́, ẹni tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba ò ní gbà á. Béjidé ò tíì pé ọmọ ọdún méje tí bàbá rẹ̀ ti ń fi kòkó gbogbo ilé sílẹ̀ fún un, nítorí ẹ̀yọ kan kì í fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ń mọ kòkó tó ti gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó ṣì tutù láì wo ilẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ òun ló ń sọ fún òun.

Nígbà tó di géńdé, ó wá ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, ní sítọ́ọ̀ kòkó kan lójú ọ̀nà Òṣú. Iṣẹ́ kan náà ni. Orí ẹní ni ti ilé, tibí jẹ́ orí símẹ́ńtì gbàràmù gbàramu, àwọn géńdé mẹ́fà á sì máa lọ, wọ́n á máa bọ̀ lórí rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ. Ọdúntán ni akọ̀wé tó ń wọn kòkó níbẹ̀. Ó ti ka ìwé díẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ní bàtà bọ́ọ̀lù méjì, òun sì tún ni kápútẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Iléṣà. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé ó fẹ́ràn kó máa sọ Òyìnbó nígbà tí inú bá ń bí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 1951, bọ́ọ̀lù fò láti pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀, ó sì ń bọ̀ tààrà sínú kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo èèyàn ló pariwo.

"Ẹ mú un! Ó fẹ́ ba kòkó jẹ́!"

Béjidé ò pariwo. Ó kàn na ẹsẹ̀ kan jáde, bọ́ọ̀lù náà sì dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Kò gbé e. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ọ gba àárín kòkó já, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, kòkó ń pín níwájú rẹ̀, títí ó fi dé etí símẹ́ńtì, kó tó wá ta á padà gba orí ògiri ilé ìwé. Ọdúntán ti dìde níbi òṣùwọ̀n. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síbi tí bọ́ọ̀lù gbà kọjá, ó ń ṣa kòkó wò lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Kò fọ́ kankan," ó ní. "Ìwọ! Níbo lo ti ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí, ọ̀gá."

"Má purọ́ fún mi."

"Kòkó ni mò ń yí, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ń rí mi lójoojúmọ́."

Bó ṣe di sẹ́ńtà Iléṣà nìyẹn, ẹni tó ń gbá iwájú láàárín. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi gba ipò lọ́wọ́ ọmọ olówó kan tó ń ṣe sẹ́ńtà tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìwúlò rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló ra bọ́ọ̀lù.

Ẹni tí kò rí Béjidé lórí pápá, bí èèyàn ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un ṣòro. Àwọn yòókù á ta bọ́ọ̀lù síwájú, wọ́n á sì sáré tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn á sáré tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ibínú, Béjidé á dúró dè é, á wò ó lójú. Bí ẹni yẹn bá ti na ẹsẹ̀ báyìí, Béjidé á fi àtẹ́lẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ara á yí, ó ti lọ. Ẹni yẹn á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́bọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá mẹ́rin sí ilé àwọn ará Òṣú lọ́jọ́ kan. Nígbà tí eré parí, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀ tàwàdàtàwàdà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa dá ìdí mi padà? Mi ò tíì rí i láti ìgbà tí ẹ ti yí mi lẹ́ẹ̀kejì." Òun àti gbogbo èèyàn jọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Béjidé ní Afẹsẹ̀yíkòkó. Àwọn obìnrin ń fi kí i lọ́nà.

Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bánkẹ́ ń ránṣọ, òun ló ń rán ṣòkòtò tó ń ya ní gbogbo Sátidé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí Ọdúntán mú ìwé ìròyìn Òyìnbó kan wá ka fún wọn lójúde, ó kà á pé sẹ́ńtà kan wà nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan niṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń san owó ọ̀sẹ̀ fún un, àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó.

"Kò níṣẹ́ míì?" Béjidé bèèrè.

"Kò ní."

"Kò lóko?"

"Oko kẹ̀? Wọ́n ń sanwó fún un, mo ní!"

Bánkẹ́ já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. "Ẹ bá mi bi í bóyá ìyàwó tiẹ̀ náà ló ń rán ṣòkòtò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Béjidé ò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Ọdúntán, ó wo àwòrán ọkùnrin náà títí. Kì í ṣe owó ló ń rò. Ohun tó ń rò ni pé ní ibì kan láyé yìí, àwọn àgbàlagbà jókòó, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ èèyàn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ó ń wù ú kí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wo tòun lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé tó wá láti Ìbàdàn lọ́dún 1954 mú un lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ní àwọn mẹ́ta kan láti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìbàdàn ń bọ̀ wá wo eré Iléṣà àti Òṣogbo, ní pápá Òṣogbo. Wọ́n fẹ́ mú sẹ́ńtà kan ṣoṣo ní gbogbo agbègbè wa, kó bá ẹgbẹ́ wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó. Ọdúntán ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀, ó pa ìwé náà dé.

"Kí ni wọ́n ní?" Béjidé ní.

"Wọ́n ní ẹni tó bá wọ bàtà bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn máa wò."

Ẹ gbọ́ o. Nígbà yẹn, nínú àwọn mọ́kànlá Iléṣà, àwọn mẹ́rin ló ní bàtà. Ti Òṣogbo, bóyá márùn-ún. Rẹfirí ò ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, kò sófin bẹ́ẹ̀ nínú eré ìlú sí ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó jókòó sórí àga ní Ìbàdàn, tí ó dáni lójú pé bọ́ọ̀lù ò kan ẹsẹ̀ wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ọmú, àwọn ló fi bàtà ṣòdiwọ̀n ẹsẹ̀. Kí ni ká ti pe ìyẹn?

Ọdúntán fún Béjidé ní bàtà rẹ̀ kan tó ti gbó díẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Béjidé fi ń wọ̀ ọ́ ní ìdájí kó tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó sì rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Bọ́ọ̀lù tó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń sá fún un bí adìyẹ. Ó máa ta á sọ́tùn-ún, ó máa lọ sósì. Ó fẹ́ fà á sẹ́yìn, ó kọsẹ̀, ó fi ìdí jókòó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n wá ní kó máa yọ egungun ẹja.

"Mi ò gbọ́ nǹkan tí bọ́ọ̀lù ń sọ," ó wí fún Bánkẹ́.

"Bọ́ọ̀lù máa ń sọ̀rọ̀?"

"Ó máa ń sọ fún mi."

Bánkẹ́ wò ó. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ eré, lọ́rì méjì ló kó àwọn ará Iléṣà lọ sí Òṣogbo. Àwọn àgbà láti Ifẹ̀wàrà ti sùn sí Iléṣà mọ́jú kí lọ́rì má baà fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé Òkè Fia, Béjidé bọ́ sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ aránbàtà kan tó ń jẹ́ Ajíbóyè ló lọ, bàbá kan tó ní awò ojú tí wọ́n fi okùn so mọ́ etí. Ó gbé bàtà síwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, bàbá."

Ajíbóyè yí bàtà náà padà. "Kò sí nǹkan tó ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ gé e kúrò."

"Kí n wá fi òmíì sí i?"

"Rárá, sà. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

Bàbá náà yọ awò ojú. "Ará ibo ni ọ́?"

"Iléṣà ni, sà."

"Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán bàtà. Ẹni tí òkè rẹ̀ ya ń wá, ẹni tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ ń wá. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó gbé èyí tó dára wá pé kí n bà á jẹ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Béjidé ṣàlàyé fún un, inú bàbá náà dùn débi pé ó pa iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì. Ó gé ìsàlẹ̀ bàtà náà ní rẹ́múrẹ́mú, ó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dè é lábẹ́ gìgísẹ̀ àti lábẹ́ ọmọ ìka kó má baà ká sókè. Ẹni tó bá ń wòran, bàtà ló máa rí, okùn bàtà, awọ dúdú tó ń dán. Lábẹ́, ẹsẹ̀ Béjidé ló kan ilẹ̀. Ajíbóyè kọ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun náà ń bọ̀ ní pápá, kì í ṣe nítorí Iléṣà o, ọmọ Òṣogbo lòun, iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun ń bọ̀ wá wò.

Màgòmágó tí wọ́n ń wí nìyẹn. Wọ́n ní kó wọ bàtà, ó wọ bàtà. Ta ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ó gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀?

Pápá náà kún. Àwọn òṣìṣẹ́ réluwé gun orí wágọ́ọ̀nù kí wọ́n lè ríran. Àwọn ọmọ Òṣogbo ti bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, wọ́n ń sín ẹnu àwọn Ìjẹ̀ṣà jẹ, wọ́n ń ké pé, "Ẹ padà sí ulé yín o! Kòkó yín ń bu ní ulé!" Àwọn ará Iléṣà ń dáhùn pé ẹni tí wọ́n bá nà nínú ilé ara rẹ̀ ńkọ́, ibo ni yóò padà sí?

Àwọn mẹ́ta láti Ìbàdàn jókòó sábẹ́ igi, lórí àga. Fásanmí ni akọ̀wé wọn, ẹni tó ń mú pẹ́ńsù. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, ó gbé fìlà Òyìnbó lé itan.

Ẹ jẹ́ ká fún ẹni tí ẹ̀tọ́ bá tọ́ sí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Sẹ́ńtà Òṣogbo, Sàláúdéènì, ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù. Ó ga, ó yára, ó sì ní bàtà. Òun ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Béjidé dá a padà. Ó gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó wọ́ ọ bí ẹni tí kò kánjú lọ ibì kankan, ó kọjá ẹni kan, ó dúró de ẹnì kejì, ó fà á sẹ́yìn, ó yí i, góòlì jáde wá, ó tún dúró de òun náà. Góòlì náà ṣubú fúnra rẹ̀. Béjidé rìn wọlé tòun ti bọ́ọ̀lù. Àwọn mẹ́ta abẹ́ igi dìde lórí àga, Fásanmí kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Sàláúdéènì tún gbá òmíràn wọlé. Méjì sí ẹyọ kan. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi ni Béjidé fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ẹnì kan kọlù ú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sókè ọ̀run, ní iwájú igi yẹn gan-an. Gbogbo ayé rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, funfun báláú nínú bàtà dúdú.

Ariwo ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹdẹ.

Nígbà tí wọ́n ń sinmi, Fásanmí rìn wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Béjidé ti jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí ló ṣe sọ̀rọ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè."

Béjidé gbé e. Fásanmí wò ó bí ẹni ń wo pátákò ẹṣin tó fẹ́ rà.

"Kí lèyí?"

"Bàtà ni, sà."

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ó wà ní Òkè Fia, sà."

Àwọn tó wà nítòsí tú sẹ́rìn-ín. Fásanmí ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bínú jáde bí wọ́n ṣe rò pé ó máa ṣe. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Góòlù tóo gbá yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Sẹ́ńtà tó tó ọ ò sí níbí. Lọ wá odindi bàtà wọ̀ ní ààbọ̀ tó kù yìí, màá ṣe bí ẹni pé mi ò rí nǹkan kan, o máa bá wa dé Èkó. Ṣùgbọ́n bóo bá tún fi awọ ẹsẹ̀ rẹ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré, màá fagi lé orúkọ rẹ. A ò lè kó ẹlẹ́sẹ̀ lásán lọ síwájú àwọn òyìnbó."

Ó padà sídìí igi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń gbóná lára ẹni. Ọkùnrin yẹn rí i o! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ká ní kò mọ bọ́ọ̀lù, à bá ní àìmọ̀ ni.

Ọdúntán ti jókòó sílẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tirẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó gbé e síwájú Béjidé.

"Wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá?"

"Èmi á fi ẹsẹ̀ lásán gbá a. Ta ló ń wo tèmi?"

"Tí mo bá wọ̀ ọ́, mi ò ní lè gbá nǹkan kan. Ẹ ti rí mi nílé."

"Mo mọ̀. Má gbá nǹkan kan. Máa sáré kiri, máa ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Jẹ́ kí wọ́n nà wá, Béjidé. Eré kan ni. A máa nà wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Èkó lo ń lọ yìí."

Kápútẹ́ẹ̀nì ló ń bẹ ẹni pé kí àwọn pàdánù.  Ó mọ ohun tí ó ń béèrè.

Béjidé wọ bàtà náà. Ó so okùn rẹ̀. Ó dìde, ó wo ọ̀nà ibi tí àwọn ará Iléṣà wà. Àwọn àgbà Ifẹ̀wàrà jókòó sórí koríko, wọ́n ti dákẹ́. Bánkẹ́ wà láàárín wọn, ọmọ Òṣogbo kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké "ulé, ulé" sí i létí, Bánkẹ́ ń wo iwájú bí ẹni tí kò gbọ́. Béjidé ti bọ́ọ̀lù díẹ̀ láti dán bàtà wò. Bọ́ọ̀lù sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lọ mú un, ó tún un tì. Ó tún sá lọ.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

"Béjidé!" Ọdúntán ní.

"Ẹ gba bàtà yín, ọ̀gá."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn wí?"

"Mo gbọ́. Ó ní mo mọ̀ ọ́n gbá. Ó ti tó mi gbọ́." Ó fi bàtà lé e lọ́wọ́. "Àwọn bàbá yẹn ò wá láti Ifẹ̀wàrà kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń ṣe bí ẹni ń sáré."

Ó ju bàtà tí Ajíbóyè gé náà sínú koríko, ó sì fi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi bí i wọ pápá.

Ààbọ̀ kejì yẹn, ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú láti ròyìn rẹ̀, wọ́n sì ń bà á jẹ́. Òtítọ́ rẹ̀ rèé. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró, ó wo ọ̀nà ìdí igi, ó rí i tí pẹ́ńsù Fásanmí mira. Ó ti parí nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣeré. Ẹni méjì tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Òṣogbo kọlu ara wọn nítorí àwọn méjèèjì sáré síbi tí wọ́n rò pé ó ń lọ. Góòlì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bá a já a mọ́, kí wọ́n kàn dúró. Ó dá a padà sí méjì-méjì. Ẹnì kan fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ìka, èékánná ṣí, ẹ̀jẹ̀ dà, ó fi erùpẹ̀ bò ó, ó ń gbá a lọ. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin ló kù nígbà tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ láàárín pápá, ó sì wọ́ ọ láti ibẹ̀ dé ẹnu ilé. Wọ́n ní ó kọjá ẹni méje. Irọ́ ni ìyẹn náà, márùn-ún ni. Ṣé márùn-ún ò tó ni? Ó wọlé. Mẹ́ta sí méjì. Àwọn ọmọ Òṣogbo tó ń ké "ulé" pàápàá ti ń pariwo "Afẹsẹ̀yíkòkó!" láì mọ̀ pé ẹnu àwọn ló ti ń jáde. Ajíbóyè aránbàtà ń jó nínú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ń bi í bóyá orí rẹ̀ dá.

Fásanmí gun àga, ó ka ìwé. "Sẹ́ńtà: Sàláúdéènì, ti Òṣogbo."

 Àgbàlagbà kan, ọmọ Òṣogbo gan-an, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Alàgbà, ọmọ wa ni Sàláúdéènì, ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá mẹ́ta ńkọ́? Àbí ẹ ò rí òun ni?" Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ń sún mọ́ àga. Fásanmí dé fìlà Òyìnbó rẹ̀, ó wọnú mọ́tò, wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á dá ẹjọ́ tán, wọ́n á fọ́n eruku sí ọ lójú.

Wọn ò pe Béjidé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́ta sí i ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún Iléṣà, kò sí ìlú tó yí wa ká tí kò jẹ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá wá a níbẹ̀ máa rí ibi tí wọ́n fagi lé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ eré náà, lọ́rì dúró ní Òkè Fia kí wọ́n ra epo. Àwọn èèyàn ń kọrin lókè. Béjidé sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí pèpéle kan kí Bánkẹ́ lè fi àkísà di ọmọ ìka rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?" Bánkẹ́ ní.

"Ọmọ ìka yẹn?"

"Kì í ṣe ọmọ ìka ni mò ń wí."

 "Ó dùn mí. Má sọ fún àwọn tó ń kọrin yẹn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Sàláúdéènì fi gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó sọ kẹ̀kẹ́ mọ́ ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Bánkẹ́ dìde dúró, ọwọ́ wà ní ìbàdí.

"Kí lo tún fẹ́? Kí ló ṣẹ́ kù tóo fẹ́ gbà?"

"Ẹ má bínú, mọ̀mí. Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Wàlláhì, èmi kọ́ ni mo kọ ìwé yẹn. Nígbà tó pe orúkọ mi, ilẹ̀ ni mò ń wò."

"Dìde," Béjidé ní. "Èmi ò bá ọ jà."

Sàláúdéènì dìde, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ń fọwọ́ nu eruku àyà rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. "Ọjọ́ kẹrìnlá òní ni wọ́n ní ká wà ní Èkó. Wọ́n máa ní kí n ṣe bí sẹ́ńtà. Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi láàárín pápá yẹn, mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn, mi ò mọ bí ẹ ṣe ṣe é. Mo rí bọ́ọ̀lù, mo nasẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Bánkẹ́ bú sẹ́rìn-ín ibínú. "Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀! Ó gba ipò, ó tún wá gba ẹsẹ̀!"

 Béjidé wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí igbá ọlọ́sàn kan tó wà nítòsí, ó mú ọsàn kan tó le, ó fi í sílẹ̀ nínú eruku, ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Bọ́ bàtà ẹ."

Sàláúdéènì bọ́ ọ wéréwéré.

"Má ta á. Gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e. Má tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ wúwo jù! Ṣe ni kí ó máa rò pé kò sí nǹkan lórí òun. Ó dáa. Wá fà á sẹ́yìn. Tún un fà. Ojú mi ni kóo máa wò, má wo ọsàn."

Ọsàn yí lọ sínú gọ́tà. Sàláúdéènì sáré lọ mú un. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọrin lókè lọ́rì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wò. Dírẹ́bà ti ra epo tán, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó tún fọn ọ́n. Ó yọ orí síta.

"Béjidé! Ilẹ̀ ń ṣú! Ṣé kí n máa lọ ni?"

"Ẹ dúró ná," Béjidé ní, kò gbójú sókè. "Kò tíì mọ̀ ọ́n."